Ìdí tí Ìbọn Ìléwọ́ .22 Fi Ń Há, àti Bí Tírígà Rẹ̀ Ṣe Lè Dára Sí I

Ẹ̀sùn méjì ló pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìbọn ìléwọ́ .22 (ìyẹn èyí tí ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 0.22 íǹṣì) láti máa fi yìn sí àmì. Èkíní ni pé ìbọn ń há. Èkejì ni pé tírígà rẹ̀ le, ó ń wọ́, kò jẹ́ kí ọwọ́ dúró. Kíá ni ọ̀pọ̀ á ti lọ ra sípíríǹgì tuntun, wọ́n á gbé fáìlì, wọ́n á ní ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn náà kò mọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ìbọn náà rárá. Ọta tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ni kò bá a mu, tàbí ìdọ̀tí ti dí i, tàbí wọn kò to ọta dáadáa sínú mágásíìnì. Tírígà ńkọ́? Wọ́n tú u nígbà tí ìbọn ṣì ń há, àìsàn kan sì di méjì.

Amẹ́ríkà ni irú ìbọn yìí ti wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ aráàlú, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ tí wọ́n sì ní i lọ́nà òfin ni àlàyé yìí ń bá sọ̀rọ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìsí ìyọ̀ǹda ààrẹ. Ní Bìrìtéènì, lẹ́yìn ìpànìyàn tó wáyé ní Dunblane, ní Scotland, ní 1996, òfin ọdún 1997 gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ aráàlú, .22 pàápàá kò yọ. Ẹ mọ òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ruger Mark IV ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdílé ìbọn yìí ni ilé iṣẹ́ Ruger fi bẹ̀rẹ̀ ní 1949. Mark IV jáde ní 2016. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa kà níbí bá Browning Buck Mark àti Smith & Wesson Model 41 náà mu.

Kí ni orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Ọta .22 Long Rifle ti wà láti 1887. Èèpo idẹ ni, pẹ̀lú ẹ̀tù díẹ̀ nínú, àti òjé tó sábà máa ń wúwo tó gíráàmù 2.6 lórí. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ibi tí iná rẹ̀ wà. Ọta àwọn ìbọn tó tóbi jù ú lọ ní ìdérí kékeré kan láàárín gbùngbùn ìdí rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ìbọn ń gún. Ti .22 kò ní. Inú etí tó yí ìdí èèpo ká ni ẹ̀tù ìtanná rẹ̀ wà. Abẹ́rẹ́ á fún etí náà mọ́ ẹnu yàrá ọta, iná á sì ràn.

Yàrá ọta ni ihò tí ọta ń jókòó sí ní ìdí ọ̀pá ìbọn. Bólítì ni irin tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń ti ọta wọlé. Èékánná ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní apá ọ̀tún iwájú bólítì, tó ń gbá etí èèpo mú kó lè fà á jáde. Irin ìtasíta dúró sí apá kejì. Èèpo á lọ gbá a, á sì ta síta. Mágásíìnì ni àpótí tí a ń to ọta sí, mẹ́wàá ni ti Mark IV ń gbà.

Ní ti tírígà: òòlù ló ń lu abẹ́rẹ́. Ìkọ́ kékeré kan ló ń di òòlù mú nígbà tó bá ti sẹ́yìn. Bí ìka bá fa tírígà, ọ̀pá ìsopọ̀ á gbé agbára náà lọ bá ìkọ́, ìkọ́ á yọ, òòlù á ṣubú. Ọ̀pá ìsopọ̀ yìí kan náà ló ń já ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, kí ìbọn má bàa yìn lẹ́ẹ̀kejì títí ẹ ó fi jọ̀wọ́ tírígà.

Kí ló dé tí .22 fi ń há ju àwọn ìbọn yòókù lọ?

Ìdí pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn wá láti ara ọta.

Kò sí ohun tó ti bólítì pa. Ìwúwo rẹ̀ àti sípíríǹgì rẹ̀ nìkan ló ń dí ẹ̀yìn ọta mú. Bí ọta bá yìn, agbára tó ti òjé síwájú náà ló ń ti èèpo sẹ́yìn. Èèpo á ti bólítì, bólítì á tẹ òòlù padà sórí ìkọ́, á tẹ sípíríǹgì, á sì padà wá gbé ọta mìíràn. Agbára ọta .22 kò pọ̀. Tí ọta bá rọ̀ jù, bólítì kò ní dé ẹ̀yìn pátápátá. Tí ìdọ̀tí bá sì mú bólítì wúwo, kò ní dé ẹ̀yìn bákan náà. Ohun tí ojú ń rí kò yàtọ̀ nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn èyí, òjé rẹ̀ kò ní aṣọ bàbà lọ́pọ̀ ìgbà, epo ìda ni wọ́n fi pa á lára. Ìda náà àti èéfín ẹ̀tù máa ń di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ́ dúdú nínú yàrá ọta, lábẹ́ èékánná àti lójú bólítì. Etí èèpo náà tún ń dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀ nínú mágásíìnì, a máa dé ibẹ̀.

Lára páálí ọta, ẹ óò rí iye ẹsẹ̀ bàtà tí òjé ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ilé iṣẹ́ CCI, Standard Velocity jẹ́ 1,070. Mini-Mag wọn, tí òjé rẹ̀ wúwo tó 40 grain (gíráàmù 2.6), jẹ́ 1,235. Ìró ohùn fúnra rẹ̀ ń sá bí 1,125 nínú afẹ́fẹ́ tí kò gbóná tí kò tutù jù. Àwọn tó ń díje ní yáàdì 25 àti 50 fẹ́ràn èyí tí kò kọjá ìyára ohùn, nítorí òjé kì í mì lójú ọ̀nà. Èyí tó yára ní tirẹ̀ ń ti bólítì dáadáa. Ìbọn kan lè fẹ́ èyí, kí èyí tó jọ ọ́ bí ìbejì kọ̀ ọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀yà kankan, ẹ ra ọta oríṣi mẹ́ta, páálí àádọ́ta kọ̀ọ̀kan, ẹ fọ ìbọn, kí ẹ yin páálí kọ̀ọ̀kan tán, kí ẹ sì kọ iye ìgbà tó há sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìbọn yìí, kò sí àtúnṣe tó rọrùn tó sì ń ṣiṣẹ́ tó èyí.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe nígbà tó bá há?

Ẹ má fà á kíákíá. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn dojú kọ ibi àmì, ìka kúrò lórí tírígà, kí ẹ wo ojú ihò tí èèpo ń gbà jáde. Ibi tí ọta wà, ipò tí bólítì dúró sí, àti àmì tó wà létí èèpo, àwọn ni ẹlẹ́rìí. Tí ẹ bá ti fa bólítì, ẹ ti lé ẹlẹ́rìí lọ.

Nínú ìdíje Amẹ́ríkà, abala kan wà tí a ń yin ọta márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20, òmíràn láàárín 10. Níbẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ tí kò di ìbọn mú sókè, kí ẹ dúró de alábòójútó.

Òòlù ṣubú, ìbọn kò dún. Kí ló fà á?

Ẹ ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá pẹ̀lú ẹnu ìbọn sí ibi àmì, torí ọta kan lè pẹ́ kó tó gbiná. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ mágásíìnì, ẹ yọ ọta náà, ẹ wo etí rẹ̀.

Bí ojú ibi tí abẹ́rẹ́ lù bá jìn dáadáa, ọta ló jẹ̀bi. Ẹ̀tù ìtanná kò yí etí náà ká déédéé. Ẹ yí ọta náà kí abẹ́rẹ́ lè lu ibòmíràn, ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá dún, ẹjọ́ ti parí. Bí kò bá dún, ẹ fà á fún àwọn tó ń bójú tó pápá. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí. Kì í ṣe ohun tí à ń jù sínú ilẹ̀ ìdọ̀tí ilé.

Bí ojú abẹ́rẹ́ kò bá jìn, ẹ wo ihò tí abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá nínú bólítì. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù ló sábà ń gan síbẹ̀ tó ń dì. Inú ihò yẹn kò nílò ọ́ìlì rárá. Sípíríǹgì òòlù tí ẹnìkan ti gé tàbí tí wọ́n ti fi èyí tó rọ̀ rọ́pò náà máa ń fa èyí.

Nígbà mìíràn, ọta kan náà á dún nígbà tí òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kejì, láìjẹ́ pé ẹ yí i. Ìyẹn ní ìtumọ̀ tirẹ̀: bólítì kò pa dé ìdí. Agbára ìlù àkọ́kọ́ lọ sórí títi bólítì pa, ìkejì ló tó wá kan ọta. Yàrá ọta ni kí ẹ lọ fọ̀.

Bí kò bá sí àmì abẹ́rẹ́ rárá, ó lè jẹ́ pé òòlù kò tilẹ̀ ṣubú: ẹ wo bóyá mágásíìnì wọlé dé ìdí. Òòlù Mark III àti Mark IV kì í ṣubú bí mágásíìnì kò bá sí nínú ìbọn. Ọ̀pọ̀ ti gbé ìbọn lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn nítorí èyí nìkan.

Ọta tuntun kò wọlé. Ṣé mágásíìnì ni àbí yàrá ọta?

Ẹ wo ibi tí orí òjé wà. Bó bá dojú kọ ìsàlẹ̀, tó kọ́ iwájú mágásíìnì tàbí ẹnu yàrá, mágásíìnì ni kí ẹ fura sí. Bí ọta bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán tí bólítì sì kù díẹ̀ kó pa, yàrá ọta ni.

Ọ̀rọ̀ mágásíìnì rọrùn láti yanjú: ẹ fi kálámù tí kì í parẹ́ kọ 1, 2, 3 sí ìdí wọn. Nígbà tí ìbọn bá há, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé 2 nìkan ló ń há, ìbọn yín kò ní àìsàn. Ètè mágásíìnì náà ti lè tẹ̀ nígbà tó já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, tàbí ìda àti iyanrìn ti há sípíríǹgì inú rẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ fọ inú rẹ̀, ẹ má fi ọ́ìlì sí i. Ọ́ìlì inú mágásíìnì ń fa eruku bí oyin ti ń fa eèrà. Ètè tó bá ti tẹ̀, ẹ ra tuntun. Fífi pílásì tún un ṣe kì í tọ́jọ́.

Ọ̀nà tí a ń gbà to ọta ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Etí ọta òkè gbọ́dọ̀ wà níwájú etí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá wà lẹ́yìn, òkè á máa fa ìsàlẹ̀ dání nígbà tí bólítì bá ń tì í, á sì há. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mágásíìnì Ruger tí ń fa pẹpẹ inú rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ má fà á dé ìdí kí ẹ wá da ọta mẹ́wàá sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fà á ní ìwọ̀n ọta kan, ẹ fi ọta kan, ẹ tún fà á. Bẹ́ẹ̀ ni etí wọn ṣe ń tò.

Fún yàrá ọta, ẹ tú ìbọn, ẹ yọ bólítì kúrò, ẹ dojú ọ̀pá ìbọn sísàlẹ̀, kí ẹ ju ọta kan sínú yàrá náà. Ó yẹ kó wọlé fúnra rẹ̀ kó sì dún “tó”. Láìsí bólítì àti òòlù níbẹ̀, kò sí ohun tó lè lù ú. Bí ẹ bá ní láti fi ìka tì í, yálà ìdọ̀tí wà níbẹ̀, tàbí yàrá náà ṣe tóóró fún irú ọta yẹn. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún dán an wò. Bí kò bá yí padà, ẹ pààrọ̀ ọta.

Èèpo kò jáde, tàbí ó dúró lóròó lójú ihò. Kí nìyẹn?

Ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì.

Èèpo tó dúró lóròó, tí bólítì há mọ́lẹ̀, ti jáde kúrò nínú yàrá, ṣùgbọ́n kò ní agbára tó láti ta lọ. Ọta rọ̀, tàbí bólítì dọ̀tí, tàbí ọrùn ọwọ́ ayìnbọn dẹ̀. Ti ọrùn ọwọ́ yìí, àwọn kan kì í gbà á gbọ́. Bí ọwọ́ bá bá ìbọn lọ sẹ́yìn, ibi tí bólítì yẹ kó fi rìn ti dín kù. Ẹ fún ẹlòmíràn tó ní ìrírí ní ìbọn náà kó yin mágásíìnì kan. Bí kò bá há lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ mọ ibi tí ẹ máa tún ṣe.

Èèpo tó bá jókòó sínú yàrá tí bólítì sì fi í sílẹ̀, èékánná ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ yọ bólítì, ẹ fi èèpo òfìfo kan bọ abẹ́ èékánná, ẹ mi bólítì díẹ̀díẹ̀. Èèpo náà kò gbọdọ̀ já bọ́. Bó bá já bọ́, ẹ fi igi ìtayín họ abẹ́ èékánná dáadáa, kí ẹ sì tún un dán wò. Lọ́pọ̀ ìgbà ìdọ̀tí líle ló wà níbẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti kú, owó díẹ̀ ni tuntun, a sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í tètè rí. Abẹ́rẹ́ lè ti lu ẹnu yàrá ọta fúnra rẹ̀, kó sì ti irin díẹ̀ wọ inú. Irin kékeré tó yọ wọnú yẹn á máa di èèpo mú. Ẹ fi òwú ró ẹnu yàrá náà yíká. Bí òwú bá ń kọ́, ó wà níbẹ̀. Ẹ má fi fáìlì kàn án. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ní irin róbótó kan tó fi ń tẹ irin náà padà sí àyè rẹ̀. Ohun tó ń fà á lára Ruger ni pé ẹni tó tú bólítì gbàgbé láti dá ìdábùú abẹ́rẹ́ padà, ìyẹn irin kékeré tó dá bólítì lábùú tí kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ jáde jù. Bí irin yẹn bá wà níbẹ̀, ẹ lè fa tírígà lórí òfìfo láìséwu. Bí kò bá sí, ẹ̀ẹ̀kan péré ti pọ̀ jù.

Ìró kan rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ

Ẹ dúró. Ẹ má yin èyí tó tẹ̀ lé e. Òjé lè ti há sínú ọ̀pá ìbọn, ọta kejì á sì bú ọ̀pá náà. Ẹ yọ mágásíìnì, ẹ tú ìbọn, ẹ wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá kọjá, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni.

Báwo ni a ṣe ń fọ̀ ọ́, àti nígbà wo?

Ẹ yọ mágásíìnì. Ẹ fa bólítì, ẹ fi ojú wo yàrá ọta, ẹ sì fi ìka kàn án. Ẹ jẹ́ kí bólítì padà, ẹ gbé ọwọ́ ààbò (irin kékeré tí kì í jẹ́ kí ìbọn yìn) sípò ìdènà. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn férémù Mark IV, ìyẹn ara ìbọn níbi tí tírígà àti ìdìmú wà. Òkè ìbọn á ṣí, bólítì á sì yọ jáde lẹ́yìn. Mark I títí dé Mark III kò rọrùn báyìí: sípíríǹgì òòlù wọn wà nínú irin tó wà lẹ́yìn ibi ìdìmú, títò rẹ̀ padà sì máa ń gba sùúrù. Ẹ ka ìwé ìlànà rẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Yàrá ọta, ojú bólítì, èékánná: ibi mẹ́ta yìí ni kí ẹ fọ̀ lẹ́yìn ọta 300 sí 500, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ọ̀rá àti oògùn ìfọbọn. Inú ọ̀pá ìbọn kò nílò wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Òjé rọ̀, kò lè jẹ irin; ọ̀pá ìnùbọn tí à ń fi agbára tì láti ẹnu ìbọn ló ń ba ẹnu náà jẹ́, ìbọn á sì máa fọ́n ọta káàkiri. Láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa nù ún.

Ẹ̀kán ọ́ìlì kan sí ẹ̀gbẹ́ bólítì lọ́tùn-ún, kan lósì, kan níbi tí òòlù ti ń yí. Ẹ nu ìyókù kúrò. Ẹ̀tù ìtanná àti òjé ní májèlé òjé nínú, nítorí náà ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ má sì ṣe iṣẹ́ yìí lórí tábìlì oúnjẹ tàbí nítòsí ọmọdé.

Kí ni a ń pè ní tírígà tó dára?

Ọ̀pọ̀ rò pé tírígà tó fúyẹ́ ni tírígà tó dára. Èmi kò gbà. Èyí tó wúwo díẹ̀ tó sì ń já geere sàn ju èyí tó fúyẹ́ tó ń wọ́ lọ.

Ẹ fara balẹ̀ fa tírígà lórí òfìfo, mágásíìnì òfìfo nínú ìbọn, ẹnu ìbọn sí ibi tí kò léwu. Ìka á kọ́kọ́ rìn láìrí ìdènà: ìrìn òfìfo nìyẹn. Lẹ́yìn náà á kan ògiri. Bí tírígà bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìháyín lẹ́yìn ògiri kí òòlù tó ṣubú, ìwọ́ ni a ń pe ìyẹn, òun sì ni ọ̀tá ayìnbọn, nítorí ọkàn á máa retí ìró, ọwọ́ á sì mì. Lẹ́yìn tí òòlù bá ṣubú, tírígà lè tún rìn sẹ́yìn sí i, àkọjá ni. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ óò gbọ́ “kí”: ó ti padà.

Ìwúwo ní òfin. Nínú ìdíje NRA, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn Amẹ́ríkà, tírígà .22 kò gbọdọ̀ kéré sí pọ́ùn 2. Nínú ìdíje ISSF, àjọ àgbáyé fún ìdíje ìbọn yíyìn, ní mítà 25, gíráàmù 1,000 ni. Ẹ lè wọ̀n ọ́n nílé: ẹ bu omi sínú ìgò títí ìgò àti wáyà rẹ̀ fi wúwo tó gíráàmù 1,000 lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Ẹ yẹ ìbọn òfìfo wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kí òòlù wà sẹ́yìn, ẹ gbé ẹnu ìbọn sókè, ẹ fi wáyà kọ́ àárín tírígà, ẹ gbé ìgò náà kúrò lórí tábìlì díẹ̀díẹ̀. Bí òòlù bá ṣubú kí ìgò tó gbéra, tírígà yín ti fúyẹ́ jù fún ISSF.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí fífọ̀. Ìdọ̀tí àti ọ́ìlì gbígbẹ tó wà láàárín òòlù àti ìkọ́ lè jọ tírígà burúkú gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ fa á lórí òfìfo fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn irin tuntun á fi ara wọn dán, ìka yín náà á kọ́ iṣẹ́.

Bí tírígà yín bá ní síkúrúù, méjì ló sábà máa ń jẹ́. Ti àkọjá: ẹ yí i wọlé títí òòlù kò fi ní ṣubú mọ́, ẹ yí i padà ní ìdámẹ́rin-ìdámẹ́rin títí tí òòlù á fi máa ṣubú, kí ẹ wá fi ìdajì ìyíká kún un. Ìdajì yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn. Láìsí i, ìkọ́ á máa fara họ òòlù bó ti ń ṣubú, eruku kékeré kan á sì dá ìbọn dúró láàárín ìdíje. Ti ìrìn òfìfo: ẹ yí i wọlé títí ẹ kò fi ní gbọ́ “kí” mọ́ nígbà tí ẹ bá jọ̀wọ́ tírígà, ẹ yí i padà títí ẹ ó fi gbọ́ ọ, kí ẹ tún fi ìdajì kún un. Bí ẹ bá ṣe é le jù, ọ̀pá ìsopọ̀ kò ní padà sípò, ẹ óò sì máa rò pé ìbọn há. Ẹ̀kán kékeré gọ́ọ̀mù síkúrúù aláwọ̀ búlúù á dì í mú. Ẹ má lo pupa, kì í tú.

Bí ìwọ́ bá ṣì wà, ẹ pààrọ̀ òòlù àti ìkọ́ pọ̀. Ilé iṣẹ́ Volquartsen ní Iowa ń ṣe wọn fún Ruger. Wọ́n gé òòlù àti ìkọ́ náà fún ara wọn, nítorí náà ẹ má fi òòlù ilé kan pọ̀ mọ́ ìkọ́ ilé mìíràn. Ẹ ya àwòrán ìpele kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń tú u. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, owó alágbẹ̀dẹ ìbọn kì í ṣe òfò.

Kí ni n kò gbọdọ̀ ṣe?

Ẹ má gé sípíríǹgì òòlù. Tírígà á fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí .22 nílò ìlù tó lágbára, ẹ ó sì máa rí ọta tí kò dún lójoojúmọ́.

Ẹ má fi fáìlì tàbí òkúta kan ibi tí ìkọ́ ti di òòlù mú. Ibẹ̀ kéré gan-an, líle irin náà sì wà lójú nìkan. Bí igun rẹ̀ bá yí díẹ̀, òòlù lè ṣubú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á, tàbí kí ìbọn yin ọta méjì, mẹ́ta, fún fífà kan. Òfin Amẹ́ríkà ka ìbọn tó ń yìn ju ẹyọ kan lọ fún fífà tírígà lẹ́ẹ̀kan sí ìbọn arọ̀jò-ọta, ẹ̀wọ̀n sì wà fún un. Bí ẹ bá fẹ́ dán irin, ẹ̀gbẹ́ òòlù àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìsopọ̀ tó ń họ férémù ni kí ẹ fi àkísà àti oògùn ìdánrin nù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń yọ ohun tí kì í jẹ́ kí òòlù ṣubú láìsí mágásíìnì. Ó máa ń mú tírígà rọ̀ díẹ̀. Èmi kò ní ṣe é nínú ilé tí ọmọ wà.

Ẹni tó bá ní Mark IV tí wọ́n ṣe kí June 1, 2017 tó dé, tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 401 tàbí WBR, kí ó bi Ruger kí ó tó fọwọ́ kan tírígà. Ruger pe wọn padà ní oṣù náà: bí ọwọ́ ààbò bá wà ní agbedeméjì tí ẹnìkan sì fa tírígà, ìbọn lè yìn nígbà tí ọwọ́ náà bá kúrò lórí ìdènà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún un ṣe.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ náà dára?

Ìbọn òfìfo, mágásíìnì òfìfo, ẹnu ìbọn sí ibi tí kò léwu. Ẹ gbé òòlù sẹ́yìn, ẹ fi ọwọ́ ààbò sí ìdènà, ẹ fa tírígà pẹ̀lú agbára, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ mú ìdènà kúrò. Òòlù kò gbọdọ̀ ṣubú. Ẹ fi òòlù rọ́bà gbá ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ férémù: kò gbọdọ̀ ṣubú. Ẹ fa bólítì sẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ kó padà pẹ̀lú agbára ní ìgbà mẹ́wàá: kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé bólítì. Ẹ fa tírígà, ẹ dì í mú sẹ́yìn, ẹ fa bólítì kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀: òòlù gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn títí ẹ ó fi jọ̀wọ́ tírígà, tí ẹ gbọ́ “kí”, tí ẹ sì tún fà á.

Ní pápá, ẹ fi ọta kan ṣoṣo sínú mágásíìnì, ẹ yìn ín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ọta méjì, ní ìgbà márùn-ún. Ibi tí ìbọn tó fẹ́ yin méjì papọ̀ ti máa ń fi ara rẹ̀ hàn nìyí, pẹ̀lú ọta méjì péré nínú rẹ̀ dípò mẹ́wàá. Bó bá ṣẹlẹ̀, àní lẹ́ẹ̀kan, ẹ kó ọta kúrò, ẹ dá òòlù àti ìkọ́ tí ó bá ìbọn wá láti ilé iṣẹ́ padà síbẹ̀, kí ẹ sì gbé àwọn tuntun náà lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, ẹ lọ sórí márùn-ún, kí ẹ tó fi mẹ́wàá kún un.